Awakọ̀ tó tú tírélà sílẹ̀ nínú òtútù: bí ẹjọ́ Alphonse Maddin àti TransAm ṣe lọ

Epo ni Alphonse Maddin ń wá lálẹ́ ọjọ́ 14, oṣù kìíní, ọdún 2009. Ọ̀nà I-88 ní ìpínlẹ̀ Illinois, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló wà. TransAm Trucking ló ń bá wa ọkọ̀, ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Olathe ní Kansas. Ilé epo kan wà tí ilé iṣẹ́ náà fẹ́ káwọn awakọ̀ wọn ti máa rọ epo, Maddin wá a tì. Ọwọ́ gééjì epo ti wọlẹ̀ kọjá E. Ní nǹkan bí aago 11 alẹ́, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 10, ó fẹ́ padà sójú ọ̀nà, tírélà kọ̀, kò yí. Bíréèkì rẹ̀ ti dì pa.

Nínú àkọsílẹ̀ yìí, orí ọkọ̀ ni mo máa pe ibi tí awakọ̀ jókòó sí, tí ẹ́ńjìnnì wà. Tírélà ni èyí tó gbé ẹrù, tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́yìn, tí wọ́n sì lè tú kúrò. Bíréèkì tírélà kì í ṣiṣẹ́ bíi ti mọ́tò kékeré. Sípíríńgì líle kan ló ń di táyà mú pinpin nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, afẹ́fẹ́ tó ń ti iwájú wá ló sì ń ti sípíríńgì náà sẹ́yìn kí táyà tó lè yí. Tí omi tó bá afẹ́fẹ́ wọ inú páìpù bá di yìnyín, tàbí tí bíréèkì fúnra rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀mù, awakọ̀ lè tẹ bọ́tìnnì títí ilẹ̀ á fi mọ́, táyà kò ní yí. Tó bá fi agbára ẹ́ńjìnnì fà á, ńṣe ni táyà tó ti gan á máa họ títì bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, lójú ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ mìíràn ti ń sáré bọ̀. Òtútù alẹ́ ọjọ́ náà sì ti lọ sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit tí wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, níbi tó jẹ́ pé láti 32 lomi ti ń dì.

Aago 11:17 ni Maddin pe Road Assist, ẹ̀ka tí ilé iṣẹ́ náà yà sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ tó bá kọṣẹ́ lójú ọ̀nà. Ó sọ fún wọn pé bíréèkì tírélà ti dì. Wọ́n ní àwọn máa rán mẹkáníìkì wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìpè yẹn sọ́kàn, torí a ṣì máa padà sórí rẹ̀. Nígbà tó ń dúró ló rí i pé APU, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń mú inú ọkọ̀ móoru nígbà tí ẹ́ńjìnnì ńlá bá wà ní pípa, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Kò sí ooru kankan nínú orí ọkọ̀. Ó ń dúró, ó ń dúró, títí oorun fi gbé e lọ.

Òtútù tó ń pani kì í pariwo. Ó máa ń kun èèyàn lóorun ni, á mú ọ̀rọ̀ wúwo lẹ́nu rẹ̀, á sì da ọkàn rẹ̀ rú débi tí kò fi ní mọ̀ pé òun ti ń kú lọ. Aago 1:18 òru ni ìbátan rẹ̀ kan pè é lórí fóònù, ìpè yẹn ló jí i. Ìbátan náà jẹ́rìí lẹ́yìn náà pé ọ̀rọ̀ Maddin ń wọ́ lẹ́nu, kò sì dà bí ẹni tí iyè rẹ̀ pé. Nígbà tó fi máa dìde jókòó, ara rẹ̀ lókè ti kú tipiri, kò sì mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lára mọ́.

Ó tún pe Road Assist. Lọ́tẹ̀ yìí, ó sọ fún wọn pé ohun tó ń mú inú ọkọ̀ móoru kò ṣiṣẹ́, ó sọ bí ara òun ṣe rí, ó sì béèrè ìgbà tí mẹkáníìkì máa dé. Ìdáhùn tó gbà kò ju pé kó ṣì máa fara dà á. Ẹni tó bá ti pe ọ́fíìsì rí láàárín òru, tó jẹ́ pé inú ooru ni ẹni tó gbé fóònù jókòó sí, mọ irú ohùn tí mò ń sọ.

Nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn ìpè kejì yìí, ó bọ́ sílẹ̀, ó tú tírélà kúrò lára orí ọkọ̀. Kó tó lọ, ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ó ní òun kò mọ ẹsẹ̀ òun lára mọ́, àti pé mímí ti ń nira fún òun nítorí òtútù. Ọ̀gá ní kó tan APU. Ó ní kò ṣiṣẹ́. Ọ̀gá wá ń tẹnu mọ́ ọn pé kò gbọ́dọ̀ fi tírélà sílẹ̀: yálà kó wọ́ ọ lọ bó ṣe gan yẹn, tàbí kó jókòó síbẹ̀ de mẹkáníìkì. Maddin kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó wa orí ọkọ̀ nìkan lọ.

Kò tó ìṣẹ́jú 15 tó lọ tí mẹkáníìkì fi dé. Maddin wa ọkọ̀ padà wá bá a. Láìpẹ́ sígbà náà, TransAm ní kó lọ rọ́kún nílé. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé ó fi ẹrù tí wọ́n fi rán an sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Nígbà tí ẹjọ́ fi dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, kò fi bẹ́ẹ̀ sí awuyewuye mọ́ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru yẹn. Ìjà wà lórí bóyá òfin dáàbò bo irú ohun tí Maddin ṣe.

Òfin náà ni wọ́n ń pè ní Surface Transportation Assistance Act, STAA ní ìkékúrú, tí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe ní 1982. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ta ló máa kọ́kọ́ mọ̀ pé táyà ti jẹ, tàbí pé wọ́n ti mú awakọ̀ wakọ̀ kọjá wákàtí tí òfin yọ̀ǹda? Awakọ̀ àti mẹkáníìkì ni. Àwọn yẹn náà sì ni ọ̀gá lè fi oúnjẹ ẹnu wọn halẹ̀ mọ́. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ní 1987, nínú ẹjọ́ kan tí ilé iṣẹ́ Roadway Express pè ta ko ìjọba, nígbà tí wọ́n ń ṣàlàyé ìdí tí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ fi nílò ààbò tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ohun tí STAA sọ ni pé ilé iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ lé òṣìṣẹ́, kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan owó tàbí ipò rẹ̀ torí pé ó fẹjọ́ sùn nípa ohun tó ta ko òfin ààbò ọkọ̀. Kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ bákan náà torí pé òṣìṣẹ́ kọ̀ láti wa ọkọ̀ tó bá jẹ́ pé wíwà á máa rú òfin, tàbí tí ọkọ̀ náà wà nípò tí ẹnikẹ́ni tó lóye á fi bẹ̀rù pé ó lè ṣe òun tàbí aráàlú léṣe gidi. Ẹni tó bá kọ wákàtí tó fi wakọ̀ sílẹ̀ bó ṣe jẹ́ gan-an, láìbu lé e, láìyọ nínú rẹ̀, wà lábẹ́ ààbò yìí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù nìkan kò tó. Ẹni tó kọ̀ láti wa ọkọ̀ torí ìbẹ̀rù ewu gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ sọ fún ilé iṣẹ́ pé kí wọ́n wá ṣàtúnṣe, kí wọ́n má sì tíì ṣe é. Apá yìí làwọn èèyàn kì í kà. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ìpè aago 11:17 àti ìpè kejì ti wúlò fún Maddin: kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò ké sí wọn.

Maddin gbé ẹ̀sùn rẹ̀ lọ sí OSHA, ọ́fíìsì kan lábẹ́ ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́. Àwọn ni òfin ní kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. OSHA wò ó, wọ́n dà á nù.

Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ká ẹní kúrò nílẹ̀. Ìwé dé láti ọ́fíìsì ìjọba, ó ní o kò jàre, kí lo tún ń wá? Òfin yọ̀ǹda pé kí ẹni tí ìdájọ́ OSHA kò bá tẹ́ lọ́rùn béèrè fún ìgbẹ́jọ́ níwájú adájọ́ kan nínú ẹ̀ka ìjọba yẹn kan náà, níbi tí wọ́n á ti tún gbogbo rẹ̀ gbọ́ látìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí àti ìbúra. Maddin béèrè fún un. Adájọ́ yẹn gbọ́ ti ìhà méjèèjì, ó dá Maddin láre. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni Maddin ṣe ohun tí òfin dáàbò bò: nígbà tó fi tó ilé iṣẹ́ létí pé bíréèkì ti dì, àti nígbà tó kọ̀ láti gbọ́ràn sí ọ̀gá lẹ́nu pé kó wọ́ tírélà náà lọ. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n dá a padà síṣẹ́, kí wọ́n sì san owó tó yẹ kó ti gbà látọjọ́ tí wọ́n ti lé e. TransAm gbé e lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ Administrative Review Board, tó ń yẹ irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ wò, ìgbìmọ̀ náà sì fara mọ́ ohun tí adájọ́ sọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí wà níbẹ̀ tó yẹ ká dúró lé lórí. Ilé iṣẹ́ máa ń sọ pé, "A kò lé e torí pé ó fẹjọ́ sùn, a lé e torí pé ó fi ẹrù sílẹ̀." Tó bá jẹ́ pé dandan ni kí òṣìṣẹ́ fi hàn pé ìfẹjọ́sùn nìkan ló fa ìyà tó jẹ ẹ́, ẹni mélòó ló máa jàre? Ní 2007, ilé aṣòfin tún STAA ṣe. Látìgbà yẹn, ó tó kí òṣìṣẹ́ fi hàn pé ohun tí òfin dáàbò bò yẹn wà lára ohun tó fa ìyà náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọrùn ilé iṣẹ́ ni ẹrù wà: àwọn ló máa fi ẹ̀rí tó hàn gbangba, tó sì dájú, sọ pé àwọn ì bá ṣì lé e kódà ká ní kò fẹjọ́ sùn rárá. Ní ti Maddin, àwọn tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ rí i pé a kò lè sọ ìtàn bí wọ́n ṣe lé e láìsọ ìtàn bíréèkì tó dì. Méjèèjì ti so kọ́ra, kò ṣeé yà.

Òṣùwọ̀n ẹ̀rí kan náà yìí ni wọ́n ń lò fún òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìdókòwò tó bá tú àṣírí jìbìtì. Ní oṣù kejì ọdún 2024, nínú ẹjọ́ Murray àti UBS, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fi ohùn kan sọ pé kò pọn dandan kí òṣìṣẹ́ fi hàn pé ọ̀gá òun ní ikùnsínú sí òun. Ọ̀rọ̀ yẹn kàn awakọ̀ gbọ̀ngbọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọkọ̀ kankan nínú ẹjọ́ náà.

TransAm gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kẹwàá, èyí tó ń jókòó ní Denver. Adájọ́ mẹ́ta ló gbọ́ ọ: Michael Murphy, Carolyn McHugh àti Neil Gorsuch. Ọjọ́ 8, oṣù kẹjọ, ọdún 2016 ni ìdájọ́ jáde. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó ti lé lọ́dún méje tí Maddin ti ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yẹn.

Ohun tí ilé iṣẹ́ ń sọ rọrùn láti gbọ́. Òfin ní ẹni tó bá kọ̀ láti wa ọkọ̀ wà lábẹ́ ààbò. Maddin kò kọ̀ láti wa ọkọ̀. Ó wà á. Ó wà á lọ síbi tí wọ́n ní kó má lọ. Ṣé a tún lè sọ pé ẹni tó wa ọkọ̀ lọ kọ̀ láti wa ọkọ̀?

Murphy ló kọ ìdájọ́, McHugh sì fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ilé aṣòfin kò túmọ̀ ohun tí wíwa ọkọ̀ jẹ́ nínú òfin yẹn, ó sì lè túmọ̀ sí lílo ọkọ̀ lọ́nà tí ọ̀gá fẹ́ kí wọ́n lò ó. Lójú ìyẹn, ohun tí ọ̀gá ní kí Maddin wà ni orí ọkọ̀ pẹ̀lú tírélà tó gan lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn ló sì kọ̀. Nígbà tí òfin kò bá ṣe kedere, kílé ẹjọ́ ṣe? Látọdún 1984, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Chevron, ìlànà tó wà nílẹ̀ ni pé tí ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó òfin kan bá túmọ̀ rẹ̀ lọ́nà tó bọ́gbọ́n mu, ilé ẹjọ́ á fara mọ́ ìtumọ̀ yẹn. Àwọn méjèèjì fara mọ́ ìtumọ̀ tí ẹ̀ka ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ fún un. Wọ́n fọwọ́ sí owó tí wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ san pẹ̀lú.

Gorsuch kò gbà. Ohun tó kọ kúrú, ó mú, kò sì díbọ́n. Ó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Oxford, ó ka ohun tí kíkọ̀ jẹ́ àti ohun tí wíwa ẹ̀rọ jẹ́, ó ní kò sí ohun tó rújú níbẹ̀. Ó ní ilé iṣẹ́ fún Maddin láyè láti ṣe ohun tí òfin ní wọ́n gbọ́dọ̀ fún un láyè láti ṣe gan-an: kó má wa ọkọ̀, kó jókòó, kó dúró de ìrànwọ́. Ó ní ìyẹn ṣeé ṣe lábẹ́ òfin, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ni. Òun ló yàn láti wa ọkọ̀ lọ́nà tó lòdì sí àṣẹ. Bóyá lílé tí wọ́n lé e bọ́gbọ́n mu tàbí ó fi inú rere hàn, ó ní ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ adájọ́ láti dáhùn.

Mo ti ka ohun tó kọ yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mi ò sì ní parọ́ mọ́ ọn: bó ṣe ka òfin náà kì í ṣe kíkà òmùgọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí adájọ́ máa tẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ á ṣe ẹni tó ń káàánú fún níkà. Ibi tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni ohun tó pè ní àyè tí wọ́n fún Maddin. Ẹni tí kò mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lára mọ́, tí mímí ti ń nira fún, tí wọ́n sọ fún pé kó jókòó, àyè wo ni wọ́n fún un? Kò sí ooru níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ wákàtí tí mẹkáníìkì máa dé fún un. Ẹ̀mí ò láàrọ̀. Ó yà mí lẹ́nu tí òtútù ọjọ́ yẹn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá, bí ẹni pé ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn ni ọkọ̀ bà jẹ́.

Èmi tilẹ̀ gbà pé ibi tí wọ́n ti jà jù kọ́ ni ibi tí ẹjọ́ Maddin ti lágbára jù. Gbogbo ayé ló ń jiyàn lórí bóyá ó kọ̀ láti wa ọkọ̀ tàbí kò kọ̀. Ṣùgbọ́n apá àkọ́kọ́ òfin náà kò bá wíwa ọkọ̀ lọ́wọ́ rárá. Ìfẹjọ́sùn ló ń sọ. Bíréèkì tó dì jẹ́ ọ̀rọ̀ òfin ààbò ọkọ̀. Maddin fi tó ilé iṣẹ́ létí láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan tó rí i, adájọ́ àkọ́kọ́ sì ti sọ pé ìyẹn nìkan jẹ́ ohun tí òfin dáàbò bò. Ká ní ó jókòó láìpe ẹnikẹ́ni, tó kàn tú tírélà sílẹ̀ tó lọ wá ooru, ẹjọ́ rẹ̀ ì bá ti dà bí omi tí wọ́n bù sínú agbọ̀n. Ohun tó sọ, ẹni tó sọ ọ́ fún, aago tó sọ ọ́, àwọn wọ̀nyẹn ló fẹsẹ̀ ẹjọ́ náà múlẹ̀ kí adájọ́ kankan tó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè.

Ká ní ibẹ̀ lọ̀rọ̀ dúró sí, àwọn lọ́yà nìkan ni ì bá mọ Maddin. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, Ààrẹ Trump yan Gorsuch sí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ. Nígbà tó fara hàn níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà ní oṣù kẹta, Al Franken, aṣòfin láti Minnesota tó ti fi àwàdà jẹun kó tó di olóṣèlú, gbé ọ̀rọ̀ awakọ̀ yìí kò ó lójú. Ó bi í pé ká ní òun ló wà nípò Maddin, kí ló máa ṣe? Gorsuch dáhùn pé òun kò mọ ohun tí òun ì bá ṣe ká ní òun ló wà níbẹ̀. Franken sọ fún un pé ọ̀rọ̀ tí kò bọ́gbọ́n mu ló fọwọ́ sí, àti pé òun mọ ohun tí kò bọ́gbọ́n mu tí òun bá rí i, torí iṣẹ́ tí òun ṣe tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Fídíò rẹ̀ tàn ká. Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹrin, wọ́n fọwọ́ sí Gorsuch pẹ̀lú ìbò 54 sí 45, ibẹ̀ ló sì wà títí dòní.

Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹfà, ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ wó ìlànà Chevron lulẹ̀ nínú ẹjọ́ Loper Bright. Gorsuch wà lára àwọn tó wó o, ó sì kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀ láti fi tì í lẹ́yìn. Ìyẹn ni pé òpó tí Murphy fi ẹ̀yìn ìdájọ́ rẹ̀ tì kò sí mọ́. Ilé ẹjọ́ náà sọ pé àwọn ẹjọ́ tí wọ́n ti fi Chevron dá sẹ́yìn ṣì dúró, nítorí náà ti Maddin kò tíì di òfo. Àmọ́ tí awakọ̀ mìíràn bá tú tírélà sílẹ̀ lọ́la ní ìpínlẹ̀ tí kò sí lábẹ́ ilé ẹjọ́ kẹwàá, adájọ́ ibẹ̀ ló máa fi ojú ara rẹ̀ ka òfin náà, kò sì pọn dandan kó wo ẹnu ẹ̀ka ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ìdí mìíràn nìyí tí mo fi ń sọ pé ìfẹjọ́sùn ni kí awakọ̀ gbára lé ju kíkọ̀ lọ.

Ẹjọ́ Roadway Express tí mo mẹ́nu bà lókè kọ́ni ní nǹkan mìíràn. Awakọ̀ kan ni wọ́n lé ní 1983. Ilé iṣẹ́ ní ṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ ba iná ọkọ̀ jẹ́ kó lè gbowó àsìkò tí wọ́n fi ń tún un ṣe. Òun ní torí pé òun máa ń fẹjọ́ sùn lórí ààbò ọkọ̀ ni. Òfin yọ̀ǹda pé tí ìwádìí bá ti fi hàn pé ẹ̀sùn òṣìṣẹ́ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kí ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n dá a padà síṣẹ́ nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní ìyẹn bófin mu, kódà láìtíì ṣe ìgbẹ́jọ́ kíkún, tí wọ́n bá ṣáà ti sọ ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ fún ilé iṣẹ́, tí wọ́n sì fún wọn láyè láti fèsì. Maddin kò jèrè èyí, torí OSHA ti da tirẹ̀ nù níbẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tó ń wa ọkọ̀ ńlá ní Amẹ́ríkà kò kéré. Púpọ̀ nínú wọn ló ti ra orí ọkọ̀ tiwọn, tí wọ́n ń fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńlá, wọ́n sì máa ń rò pé òfin òṣìṣẹ́ kò kan àwọn torí pé àwọn kì í gba owó oṣù. STAA kàn wọ́n. Òfin náà ka ẹni tó ń gba iṣẹ́ ṣe fúnra rẹ̀ mọ́ òṣìṣẹ́, tó bá jẹ́ pé òun gan-an ló ń wa ọkọ̀ akẹ́rù náà. Ó ka mẹkáníìkì àti àwọn tó ń kó ẹrù mọ́ ọn pẹ̀lú. Ó sì kan bíba orúkọ awakọ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn kó má bàa ríṣẹ́, torí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lọ́hùn-ún máa ń béèrè ìwà ẹni níbi tó ti kúrò kí wọ́n tó gbà á.

Ohun tó máa ń dí wọn lọ́wọ́ kì í sábà jẹ́ àìmọ òfin. Èèyàn tó dàgbà sábẹ́ ọ̀gá tí kò ṣeé já níyàn kì í tètè kọ ọ́ sílẹ̀ pé "bíréèkì yìí kò dáa". Nílé níbí, òfin kò ràn án lọ́wọ́. Ètò títú àṣírí tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé kalẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2016 máa ń fún ẹni tó bá tú àṣírí owó ìlú tí wọ́n jí ní ìdá 2.5 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n bá rí gbà padà. Owó ló ń wá. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá sọ ohun tó lè wu ìlera tàbí ààbò aráàlú léwu. Awakọ̀ tańkà tí oníléeṣẹ́ aládàáni gbà síṣẹ́ lórí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn kò sí nínú ìkankan. Tí ọ̀gá bá ní kó gbé ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì jáde, ó máa gbé e jáde, tàbí kó fún ẹlòmíì ní kọ́kọ́rọ́.

Fún ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà, ohun tó yẹ kó mọ̀ kò pọ̀. Kó fi ọ̀rọ̀ tó ṣeé tọ́ka sí lẹ́yìn ọ̀la fi àbùkù ọkọ̀ tó ilé iṣẹ́ létí: àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù tàbí ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀ tí awakọ̀ ń kọ lópin iṣẹ́ dára ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Tí wọ́n bá lé e tàbí tí wọ́n fìyà jẹ ẹ́, ọjọ́ 180 ló ní láti gbé e lọ sí OSHA, látọjọ́ tí wọ́n ti fi tó o létí. Kò nílò lọ́yà kó tó lè ṣe ìyẹn, kò sì nílò fọ́ọ̀mù kan pàtó. Ó lè fi ẹnu sọ ọ́ lórí fóònù, ìlànà wọn sì sọ pé tí èèyàn kò bá lè fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe é, àwọn máa gbà á ní èdèkédè, kódà tó bá jẹ́ Yorùbá. Tí ọjọ́ 210 bá kọjá láìsí ìdájọ́ ìkẹyìn látọ̀dọ̀ ẹ̀ka ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, tí kì í bá sì í ṣe òun ló fa ìdádúró náà, ó lè gbé ẹjọ́ náà kúrò níbẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀. Tó bá jàre, wọ́n lè dá a padà síṣẹ́, kí wọ́n san owó tó ti sọnù pẹ̀lú èlé, kí ilé iṣẹ́ sì san owó ìjìyà tó lè tó $250,000.

Látọdún 2016 pẹ̀lú, ìlànà kan wà lọ́wọ́ FMCSA, àwọn tó ń ṣàkóso ààbò ọkọ̀ akẹ́rù, tó ka á léèwọ̀ pé kí ilé iṣẹ́ tàbí ẹni tó ni ẹrù fi ìhalẹ̀ mú awakọ̀ rú òfin ààbò. Ọjọ́ 90 ni tiwọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣi méjèèjì mú síra wọn o: ìtanràn ni FMCSA lè bù lé ilé iṣẹ́ lórí, wọn kò lè dá awakọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ àti owó rẹ̀ padà, ọ̀dọ̀ OSHA ló ti máa bẹ̀rẹ̀.